Lithium tí mò ń lò, àti ọ̀rọ̀ omi pẹ̀lú iyọ̀

Ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n. Kì í ṣe gbígbọ̀n tí ẹni tó jókòó síwájú mi á tètè rí o, àfi tí mo bá fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ìgbà yẹn lẹ máa rí i tí ẹnu òwú á máa jó síwá jó sẹ́yìn lẹ́bàá ihò, mo lè gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó wọlé. Aṣọ ni mò ń rán, n'Íbàdàn níbí, ó ti lé lógún ọdún, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún aránṣọ. Oògùn tí mò ń lò ló fà á. Lithium lorúkọ ẹ̀. Bàípólà, àìsàn ọpọlọ tí ara èèyàn máa ń yá jù nígbà kan kó tún wọlẹ̀ pátápátá nígbà míì, ló ń ṣe mí, mo sì ti ń lo lithium látọdún 2017.

Tí mo bá sọ ọ́ fún èèyàn báyìí, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni pé ìgbà wo ni màá jáwọ́ ńbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wọn bi mí, Màámi gan-an bi mí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi mí pé ṣé mo mu omi lónìí, kí ni mo jẹ, kí ni mo lò sí ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Èyí gan-an ló yẹ kí wọ́n máa bi ẹni tó ń lo lithium, torí ibẹ̀ nikú ti fẹ́ mú mi lọ́dún 2021, kì í ṣe nínú àìsàn ọpọlọ rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí, ó máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, oorun ló sì kọ́kọ́ lọ. Mo lè ránṣọ di aago mẹ́ta òru kó wá dà bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ara mi á yá gágá, èrò á máa lé èrò lórí mi, ọ̀rọ̀ á máa dà lẹ́nu mi bí ìgbà téèyàn tú àpò àgbàdo sílẹ̀. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, torí iṣẹ́ ń jáde wàràwàrà. Àfìgbà tí mo gbéra lọ sí Gbági lọ́jọ́ kan tí mo kó léèsì àti àǹkárá láwìn, owó ẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà, mo ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ni mo fẹ́ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, èmi tí mi ò tíì san owó ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tí mo ní. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, aṣọ ẹbí wà lọ́wọ́ mi, ogún èèyàn, bàbá wọn ló kú tí wọ́n fẹ́ sin. Òru ni mo gé gbogbo ẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Mo ní Ọlọ́run ti fi sítáì kan hàn mí tẹ́nikẹ́ni ò rán rí. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí àwọn ọmọṣẹ́ mi dé, wọ́n bá mi láàárín aṣọ yẹn tí mò ń kọrin, sísọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́wọ́ mi, èyí tó dàgbà jù nínú wọn jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń sunkún. Ọdún méjì ni mo fi san owó aṣọ yẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta gbogbo iná yẹn kú pátápátá. Mi ò lè dìde lọ wẹ̀. Ọmọ mi á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á ní "Mọ́mì, ẹ ò tíì jẹun", mò ń gbọ́ ọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí màá fi dá a lóhùn ò sí. Mo máa ń rò ó pé ayé á rọrùn fún gbogbo wọn tí mi ò bá sí láàárín wọn mọ́.

Wọ́n ní iṣẹ́ ayé ni. Ẹbí wo ni ò ní kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n gbé mi lọ sórí òkè, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo lò, mi ò ní sọ̀rọ̀ àbùkù sí àdúrà torí mo ṣì ń gbà á títí dòní, ṣùgbọ́n mi ò rí oorun sùn níbẹ̀, mi ò rí oúnjẹ gidi jẹ, ìgbà tí mo sì máa fi sọ̀kalẹ̀ mo ti burú ju bí mo ṣe gòkè lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fàáké kọ́rí pé ọsibítù ni. Dókítà tó rí wa lọ́hùn-ún ò kánjú. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe ìbànújẹ́ mi nìkan ló bi mí, ó bi mí nípa ìgbà tí inú mi ń dùn jù, ó ní ṣé mo máa ń sùn nígbà yẹn, ṣé mo máa ń náwó, ṣé àwọn èèyàn ń ní kí n dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló dá a lóhùn, torí ojú ń tì mí. Dókítà wá ní àìsàn kan náà ni méjèèjì, ìgbà tí mò ń fò àti ìgbà tí mo kú sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní bíi jángílófà ni, bí apá kan bá ṣe ròkè tó ni ìkejì ṣe máa wọlẹ̀ tó, oògùn tó sì ń mú jángílófà yẹn dúró sójú kan wà.

Oògùn yẹn ò jẹ́ ẹyọ kan o. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ fún mi ni Tegretol, carbamazepine lorúkọ tí wọ́n fi sí ara páálí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ka ìwé inú ẹ̀, ó rí i pé oògùn wárápá ni, ló bá pariwo pé wọ́n ti gbé oògùn ẹlòmíì fún wa. Kì í ṣe àṣìṣe. Tegretol àti Epilim, oògùn wárápá ni méjèèjì tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ìgbà tó yá ni wọ́n rí i pé wọ́n ń mú kí ìṣesí ẹni tó ní bàípólà dúró sójú kan, lamotrigine náà bẹ́ẹ̀. Torí náà tí ẹ bá rí wárápá lára páálí oògùn èèyàn yín, ẹ má bẹ̀rù. Èmi bi dókítà nípa Epilim nígbà tó yá torí ọ̀rẹ́ mi kan ń lò ó tára ẹ̀ sì balẹ̀, ló bá bi mí lọ́jọ́ orí, ó ní òun ò ní kọ ọ́ fún obìnrin tó ṣì lè lóyún. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí wọ́n bá lóyún ẹ̀ lórí oògùn yẹn, nǹkan bí ẹyọ kan máa ń wáyé pẹ̀lú àléébù lára, tí ẹ̀yìn ń ṣí sílẹ̀ tàbí ètè là, mẹ́ta sí mẹ́rin sì lè ní ìṣòro níbi ọ̀rọ̀ sísọ àti ìwé kíkà bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ wà lórí ẹ̀ tẹ́ ẹ sì ń retí ọmọ, ẹ má kàn sọ ọ́ nù láàárọ̀ ọ̀la, ìyẹn náà léwu, ẹ lọ bá dókítà yín kẹ́ ẹ sọ pé ọmọ lẹ fẹ́ bí, kó bá yín pààrọ̀ ẹ̀. Tegretol náà lọ́rọ̀ tiẹ̀, ó máa ń dín agbára oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n ń gbé mì kù, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ò mọ̀.

Mo lo Tegretol ọdún kan àbọ̀, ara mi balẹ̀, mo bá jáwọ́. Ní 2016 nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi, ara mi le, mo rò pé ó ti tán. Oṣù kẹrin lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n tún gbé mi dé ọsibítù. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá gbé mi bọ́ sórí lithium.

Ọmọṣẹ́ mi kan bi mí rí pé "Àǹtí, ṣé lithium tí wọ́n kọ sára bátìrì fóònù náà nìyí?" Òun náà ni o. Nǹkan tó wà nínú òkúta ni, òun ni wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Nasarawa àti lápá Òkè-Ògùn wa níbí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Èyí tí mò ń gbé mì, irú iyọ̀ kan tí wọ́n ṣe lára ẹ̀ ni. Kò sí nǹkan míì nínú ẹ̀, iyọ̀ ni. Dókítà kan ní Australia tó ń jẹ́ John Cade ló kọ́kọ́ kọ̀wé jáde lọ́dún 1949 pé ó mú ara àwọn tórí wọn ń sáré balẹ̀, èèyàn mẹ́wàá ló fún, ó sì ti kọ́kọ́ gbé e mì fúnra ẹ̀ kó tó fún wọn. Ìtàn ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn mẹ́wàá yẹn ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni, ó ti lo ọdún márùn-ún nínú ọsibítù láì sinmi ariwo. Láàárín oṣù mélòó kan ó ti padà sílé, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣíwọ́ oògùn. Ariwo padà, wọ́n dá a padà sí ọsibítù, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ oògùn fún un, lọ́dún 1950 ló kú, lithium yẹn náà ló pọ̀ jù lára ẹ̀ tó pa á.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yẹn mi ò lè jẹun alẹ́. Àìlò ẹ̀ dá a padà sọ́sibítù, àlòjù ẹ̀ gbẹ̀mí ẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo, oògùn kan náà. Lọ́dún 1949 yẹn kan náà, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ta irú iyọ̀ lithium kan fáwọn tí dókítà ní kí wọ́n má jẹ iyọ̀ mọ́ nítorí ọkàn wọn, wọ́n ń bù ú sóúnjẹ bí ẹ ṣe ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, àwọn kan kú, ni wọ́n bá kó o kúrò lọ́jà. Ìjọba wọn ò fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí oògùn bàípólà àfi lọ́dún 1970, nígbà tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, bó ṣe yé èmi sí. Kíndìnrín ló ń kó lithium jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ sínú ìtọ̀. Ṣùgbọ́n lithium àti iyọ̀ ọbẹ̀ jọra débi pé kíndìnrín ò mọ ìyàtọ̀, ó dà bí ìgbà tí àwọn méjì wọ aṣọ ẹbí kan náà wá sóde, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á kàn máa kí wọn wọlé ni. Ọjọ́ tí omi àti iyọ̀ bá kéré lára, bóyá ẹ làágùn jù, bóyá ẹ ṣu gbuuru, bóyá ẹ gbààwẹ̀, kíndìnrín á sọ pé iyọ̀ ò gbọ́dọ̀ jáde mọ́, á máa dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀, lithium náà á sì bá a padà. Ẹ ò fi oògùn kún oògùn o, iye tẹ́ ẹ lò lánàá náà lẹ lò lónìí, síbẹ̀ ó ti ń pọ̀ lára. Ìwọ̀n tó dáa nínú ẹ̀jẹ̀ ni 0.6 sí 1.0, tó bá ti dé 1.5 wàhálà ti dé. Ẹ wo bí àlàfo yẹn ṣe kéré tó. Èèyàn ò lè fojú díwọ̀n ẹ̀, bí mi ò ṣe lè fojú díwọ̀n ìbàdí oníbàárà kí n sì gé aṣọ. Tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ ni téèpù ẹ̀.

Tẹ́ẹ̀sì yẹn náà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é wà. Wákàtí méjìlá gbọ́dọ̀ pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ lo oògùn kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín. Èmi máa ń lo tèmi laago mẹ́sàn-án alẹ́, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo máa ń na apá sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fà á, nígbà tó dúró sójú kan ó di oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà wọ́n á tún wo kíndìnrín àti ẹṣẹ́ ọrùn, ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ, torí lithium lè mú kó máa ṣe ọ̀lẹ, téèyàn á wá máa sanra, tí òtútù á máa mú un, tí á rò pé ìbànújẹ́ ló tún dé. Kì í ṣe gbogbo láàbù ló ń ṣe ti lithium, mo máa ń wọ mọ́tò méjì kí n tó dé ọ̀dọ̀ tèmi, oògùn fúnra ẹ̀ náà, mo ti wọ kẹ́míìsì mẹ́fà rí lọ́jọ́ kan kí n tó rí i rà. Ó máa ń dùn mí pé ohun tó ń mú èèyàn wà láàyè le tó báyìí láti rí.

Wàyí o, 2021. Oṣù kẹta ni, ẹ mọ bí ooru ṣe máa ń rí nígbà yẹn, kò tún sí iná. Ìjọ wa kéde ààwẹ̀ ọjọ́ méje, láì jẹ láì mu títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Mo gbà á. Ẹ̀yìn tún ń dùn mí, ẹ̀yìn aránṣọ kì í sinmi, mo rán ọmọ sí kẹ́míìsì ìsàlẹ̀ ilé wa kó bá mi ra oògùn ara ríro, ibuprofen ni wọ́n fún un, mò ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí mo bá ti já ààwẹ̀ títí di òru. Lọ́jọ́ karùn-ún mo bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Lọ́jọ́ kẹfà ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé sísọ́ọ̀sì jábọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe gbígbọ̀n òwú àti abẹ́rẹ́ yẹn mọ́, apá mi lódindi ló ń gbọ̀n. Mo dìde kí n lọ wẹjú, mo ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, mo di tébù gíígé mú. Mo fẹ́ pe ọmọṣẹ́ mi, ahọ́n mi wúwo, orúkọ ẹ̀ ò jáde dáadáa.

Gbogbo àdúgbò ló ti mọ ìtàn mi, torí náà gbogbo wọn ló rò pé àìsàn yẹn ló padà. Ìyàwó ilé kejì ti ń pe wòlíì. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan nítòsí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ bi àwọn tó gbé mi wá pé kí ló ń ṣe mí tẹ́lẹ̀, wọ́n ní bàípólà, ó tán, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìbéèrè kejì. Wọ́n ní kí wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ oorun, kí wọ́n sì fi kún lithium mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ n tún un sọ, wọ́n ní kí wọ́n fi kún un. Mò ń gbọ́ wọn, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ọmọṣẹ́ mi àgbà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, òun ló ti máa ń tẹ̀ lé mi lọ fún tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀, ó ti gbọ́ níjọ́ kan tí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń sọ pé tọ́wọ́ mi bá ti gbọ̀n ju bó ṣe máa ń gbọ̀n lọ tí mo sì ń bì, kí wọ́n má fún mi lóògùn kankan, kí wọ́n máa gbé mi bọ̀ kíá. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má fún Àǹtí òun. Wọ́n ní kó jáde. Kò jáde. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi gba táásì wá, wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù ńlá.

2.1 ni ẹ̀jẹ̀ mi gbé jáde. Wọ́n dá lithium dúró lójú ẹsẹ̀, wọ́n fi omi iyọ̀ sí mi lára, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ mi lóòrèkóòrè títí tó fi ń sọ̀kalẹ̀. Ọlọ́run ṣàánú mi, kíndìnrín mi padà bọ̀ sípò. Dókítà ló wá ṣàlàyé fún mi pé ooru àti ààwẹ̀ ti gbẹ omi ara mi, ibuprofen wá tún dí kíndìnrín lọ́wọ́ láti máa kó lithium jáde. Ó ní diclofenac náà bẹ́ẹ̀, paracetamol ló yẹ kí n máa lò. Mo bi í pé kí ló dé tẹ́nìkan ò sọ fún mi látọdún 2017. Ó ní bóyá wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ta ló ń rántí ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi ò mọ orúkọ ara mi dáadáa.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó sì ń lo lithium, kó rí i dájú pé dókítà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ mọ̀, torí àwọn oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ bíi Moduretic, àti àwọn bíi lisinopril, gbogbo wọn ló ń mú kí lithium pọ̀ lára. Àgbo jẹ̀dí tó ń yọ èèyàn nínú, tẹ́ ẹ máa ń mu lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí ikùn lè mọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Tí ikùn bá dédé ṣí, tẹ́ ẹ̀ ń bì tẹ́ ẹ̀ ń ṣu, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ yẹn, kó sọ bóyá kẹ́ ẹ dá a dúró ná. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ti alẹ́ àná, ẹ má lo ìlọ́po méjì lálẹ́ òní. Ẹ má dédé gé iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ torí ẹ fẹ́ fọn. Ní ti ààwẹ̀, mo bá pásítọ̀ mi sọ̀rọ̀ lójúkojú, mo ṣàlàyé, ó sì gbọ́ mi, omi ni mò ń mu lásìkò ààwẹ̀ báyìí, mo ń gbàdúrà mi. Àwọn Mùsùlùmí tó ń lò ó, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí Ramadan tó wọlé, kì í ṣe ìgbà tó bá ku ọjọ́ kan.

Màámi ò fẹ́ràn oògùn òyìnbó. Ó máa ń ní nígbà tàwọn, ewé ni wọ́n fi ń wò ó. Kò parọ́ o. Asofẹ́yẹjẹ ni àwọn babaláwo àti oníṣègùn wa ń lò fún orí tó dàrú, láti ọjọ́ pípẹ́, nínú ẹbí igi yẹn náà làwọn òyìnbó sì ti rí reserpine tí wọ́n fi wo aláìsàn ọpọlọ láwọn ọdún 1950. Mo sọ fún un pé ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé àìsàn yìí ní oògùn, kí ló dé tẹ́ ẹ wá ń ní kí n má lo tèmi? (Ẹ má pò wọ́n pọ̀ o, asofẹ́yẹjẹ máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ gan-an.) Mo tún sọ ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo fún un, ọmọ Abẹ́òkúta, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọsibítù aláìsàn ọpọlọ l'Árò lọ́dún 1954, tí kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé, tó ní kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, kí ẹnìkan látilé bá wọn wá láti máa se oúnjẹ fún wọn, kí wọ́n máa lọ gba ìtọ́jú kí wọ́n sì padà sáàárín èèyàn. Nígbà táwọn ìlú ńlá ńlá ṣì ń fi ògiri mọ aláìsàn ọpọlọ ni o. Lambo mọ̀ pé oògùn nìkan ò tó, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tó ń wò ẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ abúlé yẹn ló wọ Màámi létí. Tó bá pè mí lórí fóònù báyìí, kó tó bi mí nípa ọmọ, á ní "Ṣé o ti mu omi?"

Ṣé oògùn yìí mú nǹkan kúrò lọ́wọ́ mi? Ó mú un. Òùngbẹ máa ń gbẹ mí, mo máa ń dìde lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóru. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, wọ́n fún mi ní propranolol díẹ̀ sí i, ó dín kù, kò tán. Àwọn òru tórí mi máa ń sáré yẹn náà, tí mo máa ń rí àwọ̀ aṣọ bí ẹni pé wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀, mo ń ṣàárò wọn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n láti 2017, mi ò gé aṣọ ẹnikẹ́ni dànù mọ́, mi ò sì tíì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kí n máa ronú bí màá ṣe kú. Lithium wà lára oògùn díẹ̀ tí ìwádìí ti fi hàn pé ó ń dín ìpara-ẹni kù, èmi ò nílò kí wọ́n fi ìwádìí hàn mí. Ọmọ mi wà ní SS2. Ó mọ ohùn mi.

Ọmọṣẹ́ mi àgbà yẹn gba fírídọ̀mù lóṣù tó kọjá, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ní Mọ́níyà, mo ra ẹ̀rọ fún un. Tuntun kan ti wá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Láàárọ̀ yìí ni mo gbé e jókòó, mo fi páálí kan tó wà lára ògiri lẹ́yìn máṣíìnì mi hàn án, páálí tí mo fi ń gé pátánì náà ni, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé lithium ni mò ń lò, pé tí mo bá ń bì, tí mò ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tọ́rọ̀ ẹnu mi ò já geere, tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n tí mi ò lè di ife mú, kí wọ́n má fún mi lóògùn kankan, kí wọ́n pe nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi. Lábẹ́ ẹ̀ mo tún kọ pé tí mi ò bá sùn fún òru méjì, tí mò ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, tí mo fẹ́ ra ọjà púpọ̀, nọ́ńbà yẹn náà ni kí wọ́n pè.

Ó kà á tán, ó tún un kà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Àǹtí, tẹ́ ẹ bá wá sọ pé kí n má pè é ńkọ́?"

Mo ní kó pè é.